OBÌNRIN ARÁ ṢÚNÉMÙ KÒ RÁN WÒLÍÌ SÍ ỌBA

Ọ̀rọ̀ Ìyànjú láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ, fún Àjọ̀dún Ogójì Ọdún Ìjọ Wa

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Àwọn Ọba Kejì 4:1-17 àti 8:1-6, Tímótì Kìíní 5:3-16

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún sọ pé kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sínú ìwé ìrántí yìí, mo kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní èmi kì í ṣe oníwàásù. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kàwé dé, iṣẹ́ mi nínú ìjọ ni láti kọ ohun tí àwọn àgbà bá sọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wa láti lè kọ ìtàn ìjọ, mo rí gbólóhùn kan tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi kọ, ojú sì tì mí. Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe gbà láti kọ̀wé yìí. N ó dé ibẹ̀, ẹ fi sùúrù bá mi lọ.

OBÌNRIN TÍ KÒ FẸ́ KÍ A BÁ ÒUN BẸ ỌBA

Obìnrin kan wà ní ìlú Ṣúnémù. Ènìyàn ńlá ni. Nígbàkigbà tí Èlíṣà wòlíì bá ń kọjá lọ, ilé rẹ̀ ni ó ti máa ń jẹun. Nígbà tí ó yá, òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ yàrá kékeré kan fún un, wọ́n gbé ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà síbẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n ṣe é. Wòlíì wá rò ó pé, kí ni òun yóò fi san oore yìí? Ó rán Géhásì sí obìnrin náà pé, ṣé kí òun bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọba ni, tàbí lọ́dọ̀ olórí ogun?

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Lóde òní, ta ni yóò kọ̀? Ẹlòmíràn á ní kí wòlíì bá òun gba kọntíráàtì. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ìjọba ni òun ń fẹ́ fún àbúrò òun. Ṣùgbọ́n èsì obìnrin yìí kò ju gbólóhùn kan lọ: ó ní àárín àwọn ènìyàn òun ni òun ń gbé. Ó parí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, èmi kò dá wà. Bí ilé mi bá ń jó, mo ní ẹni tí yóò bu omi sí i. Bí mo bá kú, mo ní ẹni tí yóò sin mí. Kí ni n ó máa yọ ọba lẹ́nu sí?

Ẹ má sọ pé nítorí pé ó lówó ni. Nínú orí Bíbélì kan náà, ṣáájú rẹ̀, a rí opó kan tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, tí olówó rẹ̀ fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Kò ní nǹkan kan nílé àfi òróró inú ìkòkò kan. Wòlíì kan náà kò kọ lẹ́tà sí ọba nítorí tirẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tí ó ní nílé, lẹ́yìn náà ó rán an sí àwọn aládùúgbò kí ó lọ yá ìkòkò òfìfo. Inú ìkòkò aládùúgbò ni iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run gbà. Bí àwọn aládùúgbò bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, níbo ni òróró náà ìbá dà sí?

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: olówó náà ní àwọn ènìyàn rẹ̀, òtòṣì náà ní aládùúgbò rẹ̀.

ÀPÓTÍ TÍ IKÁN JẸ

Nígbà tí àwọn bàbá àti ìyá wa dá ìjọ yìí sílẹ̀ ní Ìkòtún, abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Oko ẹ̀gẹ́ ni ó yí wọn ká. Iná kò sí, kànga ni wọ́n ti ń pọn omi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ra àga ìjókòó, wọ́n ti kan àpótí pákó kan sí ẹnu ọ̀nà. Àpótí Àánú ni wọ́n ń pè é. Bí o bá ti bọ́ bàtà rẹ tí o ń wọlé, wàá ju ohun tí agbára rẹ ká sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń wo ọwọ́ rẹ. Tí ó bá di ọjọ́ Ajé, Ìyá Ìjọ àti àwọn ìyá méjì yóò lọ yí ká ilé gbogbo àwọn tí wọn kò rí ní ìsìn. Wọn kì í bá ènìyàn wí. Wọ́n kàn máa ń béèrè pé, "Kí ló ṣe yín tí a kò rí yín?"

Àpótí yìí sin òkú. Àpótí yìí san owó ilé fún ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde. Àpótí yìí ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọbìnrin kan tí ó gba ìdáǹdè lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ti ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ nísinsìnyí. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, àpótí náà san lára owó ìdánwò WAEC àkọ́bí mi. Ó yẹ kí n sọ ọ́.

Ní ọdún 2014, nígbà tí ìbò 2015 ń bọ̀, òṣèlú kan gbé ìrẹsì wá sí ìjọ. A kọrin, a jó, a gbàdúrà fún un. Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ orúkọ àwọn opó inú ìjọ sílẹ̀, pé ìjọba yóò máa ṣètò fún wọn. Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo fi òǹtẹ̀ ìjọ lù ú. Lẹ́yìn èyí ni mo wá kọ gbólóhùn tí mo ní ojú tì mí sí, sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé: "A fi ọ̀rọ̀ àwọn opó sílẹ̀ ná, títí èsì yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba."

Ọwọ́ mi ni. Ìbuwọ́lù mi ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà márùn-ún tí mo kọ tẹ̀lé e ṣì wà nínú fáìlì. Èsì kò dé títí di òní. Àwọn tí ń ju owó sínú àpótí sọ fún ara wọn pé ìjọba ti gbà á ṣe, wọ́n dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá tí ń lọ yí ká ní ọjọ́ Ajé náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí a ń kun ilé ìjọsìn fún àjọ̀dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ gbé àpótí náà jáde láti ẹ̀yìn àwọn ìlù. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Owó tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún náírà.

BÍ A ṢE DÉ IBÍ YÌÍ

Ẹ má jẹ́ kí n ṣe aláìmoore. Ìjọba ṣe oore fún wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Agbègbè wa yìí wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ọdún 1976 tí ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà ni èmi wọ ilé ìwé. Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè ni ó wà lórí oyè ní Èkó, láti 1979 títí di ìparí 1983. Kíláàsì wa rí gbọọrọ, àwọn ènìyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni. Nínú ilé adìyẹ yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé tí ẹ ń kà yìí. Ẹ wo ilé Jákàńdè ní Abẹ́sàn, ní Ìpájà. Ẹ wo ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndò. Ẹni tí ó bá ní ìjọba kò ṣe nǹkan kan rí, irọ́ ni ó ń pa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: níbo ni owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ti wá? Láti inú kòkó àwọn àgbẹ̀ àti owó orí ni. Àwọn bàbá wa san án, wọ́n sì ráhùn sí i. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń ṣe ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn tilẹ̀ pàdánù ìbò àpapọ̀ ní agbègbè náà ní 1954, owó orí sì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń bínú sí. Ní 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde nítorí owó orí kan náà. Èmi kò sọ pé kí a máa jà bíi tiwọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ẹni tí ó bá dá owó ní ẹnu láti béèrè bí a ṣe ná an. Ọba mọ̀ pé àpò wọn ni òun ti ń jẹun, nítorí náà ó ń bẹ̀rù wọn.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Àwọn àgbà tí wọ́n ń kà á yìí rántí owó Udoji ní 1975, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe gba àjẹmọ́nú tí ọ̀pọ̀ ra rédíò àti alùpùpù. Láti ìgbà tí owó ìjọba ti ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá, tí kì í ti àpò wa wá mọ́, ọba kò bẹ̀rù wa bíi ti tẹ́lẹ̀, àwa náà kò sì béèrè ẹ̀tọ́ wa bíi ti tẹ́lẹ̀. A wá kọ́ bí a ṣe ń tọrọ. A-gbójú-lógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ogún epo ni a gbójú lé.

Ẹ wo ibi tí ó gbé wa dé. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, a kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kan: pálíétíìfù. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n kó oúnjẹ tí wọ́n ní a fi pamọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó ₦200 fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ₦500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó gbogbo nǹkan sì gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kejì 2024, àwọn ènìyàn tẹ ara wọn pa ní Yábàá níbi tí Kọ́sítọ̀mù ti ń ta ìrẹsì tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ní ẹ̀dínwó. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ọmọdé márùndínlógójì ni ó kú ní Ìbàdàn níbi àríyá ọdún Kérésì. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ènìyàn mẹ́wàá fi kú nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àbújá níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ, àwọn mìíràn sì kú ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anámbra ní ọjọ́ kan náà.

Ẹ kíyèsí i, ará: ti Ìbàdàn, ti Àbújá àti ti Okija kì í ṣe ìjọba ni ó pè wọ́n. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe àánú ni. N kò dá àwọn tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n àánú tí kò mọ orúkọ ẹni tí ó ń ṣàánú fún, tí ó jẹ́ pé èrò ni ó ń pè, ó lè di ikú. Ìyá Ìjọ tí ń lọ yí ká ní ọjọ́ Ajé, ojúlé ni ó ń wọ̀, kì í pe èrò jọ.

ỌKÀ FÁRÁÒ

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 47 sọ bí àwọn ará Íjíbítì ṣe ṣe ní ọdún ìyàn. Ọdún àkọ́kọ́, wọ́n fi owó ra ọkà lọ́wọ́ Fáráò. Nígbà tí owó tán, wọ́n kó ẹran ọ̀sìn wọn wá. Nígbà tí ẹran tán, wọ́n ní kí ó gba ilẹ̀ wọn, kí ó sì gba àwọn fúnra wọn pẹ̀lú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Jósẹ́fù pé ó gba ẹ̀mí wọn là, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí orí 41. Níbo ni Jósẹ́fù ti kó ọkà náà jọ? Láti oko wọn ni, ìdá kan nínú márùn-ún, ní ọdún méje tí oúnjẹ pọ̀. Ọkà tiwọn ni wọ́n fi ara wọn rà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wa. Àpò ìrẹsì tí òṣèlú gbé wá, owó wa ni ó fi rà á. A sì ń kúnlẹ̀ gbà á. A ń jó sí i. A ń fún un ní àga iwájú nínú ilé Ọlọ́run.

MÀMÁ TÍ MO KỌ ORÚKỌ RẸ̀

Màmá kan wà nínú ìjọ wa, ẹ̀kọ ni ó ń tà. Ó gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun. Opó ni. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà ní ìlà kẹta nínú lísìtì tí mo kọ ní 2014. Ní ọdún 2024, wọ́n ní ibì kan wà tí wọn yóò ti pín ìrẹsì. Màmá jí kúrò nílé ní aago mẹ́rin àbọ̀ òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ṣí géètì, wọ́n ti ara wọn. Màmá ṣubú, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, eegun rẹ̀ kán. Kò rí ìrẹsì.

Alhaja kan tí ó ń gbé ní yàrá tí ó kọjú sí tirẹ̀ ni ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, tí wọ́n di ẹsẹ̀ náà fún un. Alhaja yìí náà ni ó ń bu oúnjẹ fún un, tí ó ń bá a fọ aṣọ, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yin ará! Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta kọjá tí ẹni tí ń jókòó ní ìlà kejì láti iwájú kò wá sí ìsìn, kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Aríran wa rí ìran púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Èmi akọ̀wé ka ìkéde. Ìjókòó òfìfo wà lójú wa, a kò rí i.

Nígbà tí mo wá lọ kí i, mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrójú, ẹ kú àmójúbà." Ó ní kí n jókòó. Ó ṣe díẹ̀, ó wá sọ fún mi pé, "Akọ̀wé wa, ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ mi. Mo rò pé ẹni tó kọ orúkọ ènìyàn, á máa wo ẹ̀yìn ẹni náà ni."

N kò rí èsì fún un. Mo wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì nípa àwọn opó. Ó ní kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọ́kọ́ tọ́jú opó tiwọn, àti pé ẹni tí ó bá ní opó nínú ẹbí, kí ó ràn án lọ́wọ́, kí ìjọ lè ráyè fún èyí tí ó jẹ́ opó nítòótọ́. Ẹ wo bí ó ṣe tò ó: ẹbí ṣáájú, ìjọ tẹ̀lé e. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì nípa kíkọ orúkọ opó sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé ìjọ ni, ìjọ ni yóò sì tọ́jú wọn. Èmi kọ orúkọ opó láti fi gbé wọn fún ẹlòmíràn.

TI ỌBA FÚN ỌBA, TIWA FÚN WA

Ẹnì kan á sọ pé, "Akọ̀wé, ṣé kí ìjọba máa lọ ní àlàáfíà ni, kí a máa fi owó ara wa ṣe gbogbo nǹkan?" Rárá o. Ẹ ṣí Àwọn Ọba Kejì orí 8. Ìyàn ọdún méje mú, obìnrin ará Ṣúnémù yìí kan náà sá lọ sí ilẹ̀ àwọn Fílístínì. Nígbà tí ó padà dé, ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ni ó ṣe? Ó lọ sọ́dọ̀ ọba! Ẹni tí kò fẹ́ kí wòlíì bá òun sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọba, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn lọ, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ké. Ọba sì pàṣẹ kí wọ́n dá gbogbo ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ padà, títí kan èso oko náà láti ọjọ́ tí ó ti kúrò nílé.

Ẹ ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ rẹ̀? Kò tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ọba. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó béèrè. Títì, gọ́tà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ààbò ẹ̀mí àti ìdájọ́ òdodo, ẹ̀tọ́ wa ni, iṣẹ́ ọba ni. A ó san owó orí wa, a ó dìbò wa, a ó sì béèrè rẹ̀ ní ìdúró. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, kò sí àpótí ìjọ kankan tí ó lè la títì láti Ìkòtún dé Ìgàndò. Àpótí wa kò lè mú kí owó epo wálẹ̀ pẹ̀lú. N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ṣùgbọ́n opó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ta ni yóò bu omi fún un? Ọmọ òrukàn tí owó ìdánwò rẹ̀ ku díẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń tijú, ìyẹn ni tiwa. Nílùú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ti ń san owó fún arúgbó láti 1909, ilé ìwòsàn wọn sì ti di ọ̀fẹ́ láti 1948, láti inú owó orí tí wọ́n ń san. Ó dára, mo bá wọn yọ̀. Síbẹ̀, ní 2018, ìjọba wọn yan mínísítà kan láti máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n dá wà, tí kò sí ẹni tí ń bẹ̀ wọ́n wò. Ìjọba lè fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ.

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ṣé ẹ ó sọ pé agbára wa kò gbé e? Àwa tí a dá owó ra òpó iná àti wáyà ní àdúgbò wa? Àwa tí onílé àti ayálégbé jọ dá owó tiransifọ́mà, tí a gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, tí a ń da yanrìn sí ojú ọ̀nà ní gbogbo ìgbà òjò? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a bá lè dáwó nítorí iná tí yóò tàn sí ilé wa, ẹ jẹ́ kí a dáwó nítorí ẹni tí ó ń gbé nínú òkùnkùn ní ẹ̀gbẹ́ wa.

Àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ kò rí ìjọba gbójú lé. Nígbà tí àrùn ìfúlúẹ́ńsà ń pa ènìyàn ní 1918, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó kó ara wọn jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti máa gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Nígbà tí Mósè Orímọládé Túnọláṣe àti Kristiánà Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó ní 1925, ilé dé ilé ni iṣẹ́ náà gbà tàn. Nígbà tí ìsọjí Josẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, ìjọba amúnisìn kò fún un ní oúnjẹ, ńṣe ni wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní Bìní ní 1932. Síbẹ̀ ìjọ Aládùúrà dàgbà. Lójú tèmi, àdúrà ni ó mú un dàgbà, àti pé àwọn tí ń gbàdúrà papọ̀ mọ ilé ara wọn.

OHUN TÍ A TI PINNU

Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ti fi ọwọ́ sí ohun mẹ́rin yìí, mo sì ń fi tayọ̀tayọ̀ kéde rẹ̀ fún gbogbo ìjọ.

Èkíní, Àpótí Àánú tuntun ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Káfíńtà kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó kàn án, kò gba owó iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni ó ní, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. N ó máa ka ìṣirò rẹ̀ sí etí ìgbọ́ ìjọ ní oṣooṣù, ṣùgbọ́n n kò ní ka orúkọ ẹni tí a ràn lọ́wọ́.

Èkejì, àwọn ìyá yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yí ká ní ọjọ́ Ajé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì yóò máa bá wọn lọ. Bí wọ́n bá rí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, tí ìṣòro bá a, kí wọ́n má kọjá rẹ̀. Alhaja kò béèrè ìjọ tí Màmá ń lọ kí ó tó gbé e.

Ẹ̀kẹta, a kì yóò fi òǹtẹ̀ ìjọ lu lísìtì opó fún òṣèlú kankan mọ́. Òṣèlú tí ó bá fẹ́ jọ́sìn, ẹ káàbọ̀, kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ kí ó jókòó pẹ̀lú wa. Ẹ ó ti rí i pé kò sí àwòrán òṣèlú kankan ní iwájú ìwé ìrántí yìí, bí a ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. A kò gbàgbé o. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ẹ̀kẹrin, a ó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba, ṣùgbọ́n nípa gọ́tà, títì àti ilé ìwé àdúgbò wa ni. Àwa, ẹgbẹ́ àwọn onílé àti àwọn ará mọ́sálásí ni yóò jọ fi ọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá fèsì, a ó lọ fúnra wa, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ará Ṣúnémù ṣe lọ.

Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ wá bá wa yọ̀, mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wo ẹ̀yìn ìlù yín. Bóyá àpótí kan wà níbẹ̀. Ẹ wo àwọn ìjókòó yín pẹ̀lú, kí ẹ sì béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ní ti Màmá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ó ń tiro díẹ̀. Ó ti padà sí ìlà kejì. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a gbé àpótí tuntun sí ẹnu ọ̀nà, òun ni ó kọ́kọ́ ju owó sínú rẹ̀. Mo rí i. Mo ní kò yẹ kí n máa wo ọwọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n mo rí i.

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run àwọn opó àti Baba àwọn aláìníbaba, dárí jì wá fún gbogbo ọjọ́ tí a fi ojú fo ìjókòó òfìfo. Fi ọgbọ́n fún àwọn tí ń ṣe ìjọba lé wa lórí, kí wọ́n mọ̀ pé ìríjú ni wọ́n. Fún àwa náà ní ìgboyà láti béèrè ẹ̀tọ́ wa, àti ìfẹ́ láti ṣe ojúṣe wa. Má ṣe jẹ́ kí òróró inú ìkòkò wa gbẹ. Má ṣe jẹ́ kí aládùúgbò wa ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, má sì ṣe jẹ́ kí àwa náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó wá sí àjọ̀dún yìí, jẹ́ kí ó padà sílé láyọ̀, kí ó sì bá ilé láyọ̀. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín. Àṣẹ.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,

AKỌ̀WÉ ÌJỌ
Ìkòtún, Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó